Àwa La Dí Ẹnu Ọ̀nà

Àwa mẹ́sàn-án la gbé bàbá mi dé yàrá pàjáwìrì kan ní Ọ̀fà lóru. Bẹ́ẹ̀dì ti kún. Orí bẹ́ǹṣì la tẹ́ wọn sí. Mo ń jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ pé Òfin Ìlera 2014 kò gbà kí wọ́n kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ìyá kan gbé ọmọ tí gìrì mú dé, kò rọ́nà wọlé. Lóòótọ́, sunna ni àbẹ̀wò aláìsàn: inú mọ́sálásí ni Ànábì (SAW) pàgọ́ sí fún Saad bin Muaadh tó gbọgbẹ́ ní ogun Khandaq, kí ó lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹni mélòó ni aláìsàn kan nílò lẹ́nu ọ̀nà? Méje nínú wa bọ́ síta. Ìyá náà wọlé. Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí bàbá tó rí bẹ́ẹ̀dì.