Pọ́ǹpù Tí Ń Dá Omi Padà fún Ẹja Inú Ilé

Àwọn tí ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì ń pọ̀ sí i láàárín àwọn ojúlùmọ̀ mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá bá mi: irú pọ́ǹpù wo ni ó yẹ kí àwọn rà? Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Akọ̀wé ni mí, ìṣirò ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn yìí ti kan ilé mi gidigidi, mo sì ti fi gègé, okùn ìwọ̀n àti garawa wádìí rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kò ní burú bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra tirẹ̀ lè mọ ohun tí yóò bèèrè kí ó tó tú àpò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé fún ẹni tí kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Àpótí ẹja wa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 40, omi inú rẹ̀ sì jìn ní 50. Èyí jẹ́ lítà omi 240. Lábẹ́ tábìlì tí a gbé e lé ni àpótí kejì wà, èyí tí àwọn tí ń ta ẹja ń pè ní sọ́mpù. Omi ń ti òkè ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú páìpù, gẹ́gẹ́ bí omi òrùlé ti ń ṣàn bọ́ sínú àmù. Ní ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gba inú kànrìnkàn àti òkúta wẹ́wẹ́ kọjá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé níbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń sọ ẹ̀gbin ẹja, tí í ṣe májèlé, di ohun tí kò lè tètè pa á. Lílọ kò nílò iṣẹ́ kankan. Àbọ̀ ni ó nílò iṣẹ́, nítorí omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù tí ń ṣe iṣẹ́ àbọ̀ yìí ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹja tí ó wà nínú tiwa kò tóbi. Ẹja kékeré ni, tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí ó bá fẹ́ yé ẹyin. Pelvicachromis pulcher ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó wá kí wa a máa rò pé láti òkè òkun ni a ti rà á, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà ni, àwọn ará òkèèrè ni wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ wa kó o lọ. Ọmọbìnrin mi ni ó rà wọ́n kí ó tó lọ sí ilé ọkọ, ṣùgbọ́n ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni ó ni wọ́n nísinsìnyí. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, pálọ̀ ni a tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí. Kò fẹ́ràn rédíò, ojú rẹ̀ kò sì ríran ka ìwé mọ́. Ẹja ni ó ń wò. Ó mọ èyí tí ó ń ja ìjà nínú wọn àti èyí tí ó ń tọ́jú ọmọ, ó sì máa ń ròyìn wọn fún mi bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, bí ẹni ń ròyìn aládùúgbò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, nínú ọyẹ́, pọ́ǹpù tí a ti lò fún ọdún mẹ́rin dákẹ́ ní òru. Ìyá mi ni ó jí wa. Ó ní, “Ọkọ mi, dìde o, omi kò dún mọ́.” Nígbà tí a tan iná, gbogbo ẹja ti wá sí ojú omi, wọ́n ń la ẹnu bí ẹni tí ó sáré gun òkè. Èmi àti ìyàwó mi gba iṣẹ́ pọ́ǹpù náà ṣe. A ń fi abọ́ bu omi, a ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, a sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nínú ẹja mọ́kàndínlógún, mẹ́rin kú. Nígbà tí mo tú pọ́ǹpù náà wò, mo rí i pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fi ń yí ti jẹ tán. Ogbó ni.

Nígbà tí mo dé ọjà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta ohun èlò ẹja fi ọ̀wọ̀ gbà mí, ó sì gbé èyí tí ó tóbi jù sílẹ̀. Lítà 6,000 ní wákàtí kan ni wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ gba èyí, kò ní já yín kulẹ̀ láéláé.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sí ilé lọ wọn nǹkan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ ni pé iye tí a kọ sí ara páálí kì í ṣe iye tí yóò dé inú àpótí ẹja. Iye ti páálí ni èyí tí pọ́ǹpù náà ń gbé bí kò bá ní òkè kankan láti gùn. Bí òkè bá ti ń ga ni omi ń dín kù, títí yóò fi dé ibi gíga kan tí kò ní lè gbé ẹ̀kán omi kan kọjá. Ibi gíga yẹn náà máa ń wà lára páálí, ṣùgbọ́n àwọn òǹrajà kì í sábà wò ó. Láti ojú omi sọ́mpù wa dé ibi tí páìpù ti ń tú omi sílẹ̀ lókè, sẹ̀ǹtímítà 120 ni. Bí mo bá ra pọ́ǹpù lítà 2,000 tí agbára rẹ̀ tán ní mítà 2, mo ti fi ju ìdajì agbára rẹ̀ gun òkè nìyẹn. Nǹkan bí lítà 800 ni ó kù, a kò sì tíì yọ èyí tí páìpù yóò gbà. Páìpù tóóró a máa gba tirẹ̀, ìgúnpá páìpù kọ̀ọ̀kan náà a sì máa gba tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún oníṣẹ́ páìpù wa pé kí ó lo rọ́bà tí ó fẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó rọra tẹ̀ dípò kí ó gún igun.

Èwo ni ó wá tó? Àṣà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin ẹja omi dídùn ń tẹ̀lé ni pé kí omi inú àpótí yí po láàárín ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ní wákàtí kan. Fún lítà 240 tiwa, èyí wà láàárín 720 àti 1,200. Kí ni mo fẹ́ fi 6,000 ṣe? Páìpù tí ń sọ omi kalẹ̀ kò tilẹ̀ lè gbé ohun tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi tí ó bá ṣẹ́ kù yóò kún dé etí àpótí, yóò sì bọ́ sórí ibùsùn ìyá mi. Bákan náà, pọ́ǹpù tí ó wà nínú omi a máa fi ooru rẹ̀ sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ dúró tó omi tútù. Ilẹ̀ tiwa ti móoru tó.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìwé tí a kọ ní òkèèrè kì í bá wa dé. Pọ́ǹpù ẹja kì í sùn. Èyí tí ó tóbi yẹn ń jẹ iná 85 wáàtì, ìyẹn yúníìtì 61 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Èyí tí ó ń jẹ 25 wáàtì yóò lo 18. Bí iná bá lọ, ínfátà ilé wa ni yóò gbé e. Bátìrì 12 fóòtì, ámúpù-wákàtí 100, ni ó wà lára rẹ̀, a kì í sì í lò ó kọjá ìdajì kí ó má bàa bàjẹ́. Ìdajì yẹn lè gbé 25 wáàtì fún nǹkan bí ogún wákàtí. Kò lè gbé 85 wáàtì láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lójú mi, ìṣirò kékeré yìí wúwo ju gbogbo ohun tí ó wà lára páálí lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà gbọ́, ó sì fẹ́ fi pọ́ǹpù kan ránṣẹ́. Inú mi dùn sí ìfẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dá a dúró. Iná tiwọn jẹ́ 120 fóòtì, ó sì ń ṣe ìyípo 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tiwa jẹ́ 230, ìyípo 50. Ènìyàn lè fi ẹ̀rọ dín fóòtì kù, ṣùgbọ́n ìyípo náà kò ní yí padà, pọ́ǹpù irú èyí sì ń yí bí iná bá ti ń yí. Ìdá kan nínú mẹ́fà eré rẹ̀ yóò ti sọnù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Irú méjì ni ó wá kù níwájú mi. Ọ̀kan ń gba iná ilé tààrà, tí wọ́n ń pè ní AC. Kò ní ohun púpọ̀ nínú, kò wọ́n, ó sì lè pẹ́. Ṣùgbọ́n a máa kùn, pàápàá lórí ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò dán. Èkejì ń lo 24 fóòtì nípasẹ̀ ẹ̀rọ kékeré kan tí ń yí iná padà, òun ni DC. Ènìyàn lè dín eré rẹ̀ kù, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí omi bá sì tán níwájú rẹ̀, èyí tí ó dára nínú wọn a máa dá ara rẹ̀ dúró kí ó má bàa jóná. Nínú ọyẹ́, tí omi ń fẹ́ lọ lójoojúmọ́, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àléébù rẹ̀ ni pé bí iná bá wọlé pẹ̀lú agbára, ẹ̀rọ kékeré yẹn ni ó máa ń kọ́kọ́ kú, iye owó rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ti AC lọ.

Ìyàwó mi kò fara mọ́ ọn lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní, “Bàbá wọn, òrùlé tí ń jò ńkọ́?” Ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Mo jókòó tì í, mo fi ìwé iná hàn án, mo sì ní kí ó fi etí sí pọ́ǹpù AC kan tí aládùúgbò yá wa ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìyá mi ti sùn oorun ààbọ̀ fún òru mẹ́rin nítorí ìkùn rẹ̀. Ìyàwó mi gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wo ibùsùn náà, ó sì ní kí a ra èyí tí kì í pariwo. Òrùlé lè dúró de oṣù kejì. Bí ó bá ṣe pé iyàrá òkè ni ìyá mi ń sùn ni, AC ni èmi ìbá rà, n kò sì ní kábàámọ̀.

Lítà 3,000, agbára rẹ̀ tán ní mítà 2.5, 25 wáàtì: èyí ni a rà. Mo wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ tí a gbé e sí i. Mo mú garawa lítà 10, mo gbé e sí ẹnu páìpù lókè, ó sì kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 28. Ẹ fi 28 pín 3,600, kí ẹ sì fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀: ó lé díẹ̀ ní lítà 1,280. Mo dín eré rẹ̀ kù títí garawa fi ń kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 36, èyí tí í ṣe lítà 1,000 géérégé, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kànrìnkàn ni mo fi tẹ́ ìdí rẹ̀ kí ara rẹ̀ má bàa gbọn àpótí.

Lẹ́yìn èyí ni mo fi ọwọ́ ara mi pa iná rẹ̀, ohun tí gbogbo ẹni tí ó bá ra pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ṣe ní ojú ara rẹ̀ kí àwọn oníná tó bá a ṣe é ní òru. Bí pọ́ǹpù bá dúró, omi òkè a máa gba inú páìpù kan náà fà padà sí ìsàlẹ̀. Nínú àpótí tiwa, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ lítà 4.8, bí ẹnu páìpù bá rì ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, lítà 24 ni yóò wá sí sọ́mpù, bí kò bá sì sí àyè fún un, ilẹ̀ ni yóò gbà á. A lu ihò kékeré sí ara páìpù náà nísàlẹ̀ ojú omi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tètè wọlé já fífà náà. Àwọn kan ń fi fáàfù sí i dípò èyí. Yanrìn tàbí ìgbín kékeré kan ti tó láti là á sílẹ̀, nítorí náà n kò gbẹ́kẹ̀ mi lé e. Ìyá mi ni olùṣọ́ ihò náà. Bí ewéko omi bá ti fẹ́ dí i, òun ni yóò sọ.

Omi kànga wa ní efun nínú. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta a máa ń tú pọ́ǹpù náà, a ń rẹ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ títí funfun ara rẹ̀ yóò fi bọ́, a ń fi omi lásán ṣan án, a sì ń fi garawa wọ̀n ọ́n. Mo ń kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sí pátákó ẹ̀yìn tábìlì: 36, 39, 36, 38. Mo ti ra abẹ̀bẹ̀ àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí ń lo bátìrì, nítorí òru.