Ìbọ̀sẹ̀ Ọmọ Àbúrò Mi

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ jáde ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú ẹlẹ́ṣin, ìlú àwọn alfa tí ohùn kéwú wọn ń jí ni kí àkùkọ tó kọ, kò lè ṣàì gba Ṣàngó kọjá, àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ Olúkòso, níbi tí ọkọ̀ àwọn ọmọ Pólì àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin ti máa ń fara kanra láàárín ọlọ́kadà, aláàárù àti àwọn obìnrin tó ń ta wàrà. Ibẹ̀ ni mo ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì wà ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan, tí kò lè ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ, ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìnnìjìnnì bí ẹni tí gìrì mú, tí ìfófòó sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, èrò ti pé lé e lórí. Ẹnìkan ní kí wọ́n bu epo pupa wá, òmíràn ní mílíìkì alágolo ló ń ba agbára oògùn jẹ́, ẹnìkan sì ti mú ṣíbí dání tó fẹ́ fi la eyín rẹ̀. Ìyá oníwàrà kan ló sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, tó fi ìgbọ̀nwọ́ la àárín wọn kọjá, tó ń pariwo pé, "Ẹ gbé epo yẹn kúrò níwájú mi! Ṣé ẹ fẹ́ kó pá a lórí ni? Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu!" Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi rọ ọmọ náà lórí, ó sì rọra yí i dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè ṣàn jáde, bẹ́ẹ̀ ló kúnlẹ̀ tì í títí gìrì náà fi rọlẹ̀, tí a sì rí kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkùnrin kan tó dúró tì mí mi orí, ó ní, "Wọn ì bá jẹ́ kó kú. Ta ló ní kó lo oògùn?" N kò dá a lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, ẹnu èmi náà ti sọ ọ́ rí, ọmọ tí àbúrò mi fi ọmú rẹ̀ bọ́ ni mo sì sọ ọ́ sí.

Ọmọ àbúrò mi yìí kì í ṣe ọmọ burúkú. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń kọ́, òun ló ń ru búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́. Nígbà tí ẹ̀yìn ríro kò jẹ́ kó sùn mọ́ lóru ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un ní hóró tírámádọ̀ kan pé kó fi lé e. Oògùn ara ríro ni tírámádọ̀ ní tòótọ́, àwọn dókítà a sì máa kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n 50 àti 100 mílígíráàmù ni àjọ NAFDAC fọwọ́ sí, 225 sì ni èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní kọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní, agbára ló fi ń wá. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ó ti di ọ̀ranyàn, torí ọjọ́ tí kò bá lò ó, imú rẹ̀ a máa da, inú a máa lọ́ ọ, òógùn tútù a bò ó, a sì máa yí kiri lórí ẹní bí ekòló tí wọ́n da iyọ̀ sí lára. Àwa ń pè é ní olóríkunkun, ara rẹ̀ sì ń sin gbèsè tí oògùn ti jẹ sí i lọ́rùn.

Nígbà tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, mo ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹkún àbúrò mi kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi mú un lọ sí ilé kan ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí wọ́n sọ pé àdúrà àti ìbáwí ni wọ́n fi ń lé oògùn kúrò lára ọmọ. Mo san owó, mo sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn ẹni tó ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo lọ wò ó. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n so ó mọ́ egungun ọkọ̀ àtijọ́ kan. Òun fúnra rẹ̀ ti ya etí aṣọ rẹ̀ wé abẹ́ irin náà kí ó má baà jẹ ẹran ara rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n aṣọ náà ti wọnú egbò, òun àti egbò ti di ọ̀kan. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ara Màámi le?" Mo ti sin òbí mi méjèèjì, n kò sì tíì gbọ́ ohùn tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara tó bẹ́ẹ̀ rí.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ní ìparí ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 100 jáde nínú ọ̀kan ní Gàá Odòta nínú Ìlọrin níbí, wọ́n sì kó 259 jáde nínú òmíràn ní Òjóò n'Ìbàdàn. Mo gbọ́ bí àwọn ènìyàn ti ń gégùn-ún lé àwọn òbí tó mú ọmọ lọ síbẹ̀, mo sì dákẹ́, nítorí mo mọ ohun tó ń gbé òbí débẹ̀: àárẹ̀ ni, àti ìtìjú, àti àìmọ ibòmíràn.

Ìjọba pàápàá kò fi ọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1966, àwọn ológun ṣe òfin lórí igbó, pé ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni fún ẹni tó bá gbìn ín, pé ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù fún ẹni tó bá mu ún. Ní 1989 wọ́n dá NDLEA sílẹ̀, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ni wọ́n rí tó ń lo irú oògùn wọ̀nyí láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn ló sì ń ṣi oògùn ara ríro bíi tírámádọ̀ lò. Ní oṣù Karùn-ún 2018, lẹ́yìn tí BBC gbé fíìmù jáde lórí omi ikọ́ oníkódínì, ìjọba fòfin de pípo rẹ̀ àti kíkó o wọ̀lú, NAFDAC sì ti ilé iṣẹ́ apoògùn mẹ́ta pa, méjì nínú wọn ní Ìlọrin wa yìí. Inú mi dùn sí i nígbà náà. Ohun tí n kò rò ni pé ọmọ tí ara rẹ̀ ti mọ́ kódínì kò ní sùn lóru ọjọ́ tí kódínì bá wọ́n. A ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà, a kò sì ṣí ti ilé ìwòsàn fún un.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ará ilé wa ti mọ ọ̀nà tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní 1954, ọmọ Abẹ́òkúta nì, Dókítà Adéoyè Lambo, mú aláìsàn ọpọlọ kúrò lẹ́yìn ògiri, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn Arò ká, tí ẹbí wọn ń bá wọn gbé, tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tí wọ́n sì ń bá ará abúlé jẹun. Gbogbo ayé wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ó dùn mí pé ilẹ̀ tó kọ́ ayé ní irú èyí ni mo ti lọ fi owó ra ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọmọ mi.

Nígbà tí mo mú ọmọ náà kúrò ní ilé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn, tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ti múra sílẹ̀ de ìwàásù, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta péré ló bi í: "Kí lò ń lò? Hóró mélòó lójúmọ́? Ìgbà wo lo lò ó gbẹ̀yìn?" Ó fọ egbò náà fúnra rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé bí ọmọ náà bá tún ṣubú sínú rẹ̀, kí ó má fi ọtí kún un, nítorí oògùn àti ọtí a máa pawọ́ pọ̀ dá èémí ènìyàn dúró. Kí ó má sì gbà pé iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ lara rẹ̀ ṣì lè gbé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò ti lò ó. Kí ó má dá lò ó nínú yàrá tó tì pa. Orí mi gbóná. Mo ní, "Dókítà, ṣé ẹ ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa lò ó ni?" Ó wò mí pẹ̀lú sùúrù, ó ní, "Bàbá, òkú kì í jáwọ́ nínú nǹkan kan. Kó ṣì wà láàyè ná."

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí dókítà náà, pé ká lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ fún adìẹ, èmi sì ti ń na adìẹ láti ọdún méjì nígbà tí akátá jókòó sí àárín agbo. Èyí tí dókítà yẹn ṣe kì í ṣe àṣà òyìnbó nìkan. Ní Dakar, ní ilé ìwòsàn Fann, wọ́n ti ṣí ibùdó kan láti 2014 níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn tí heroin ti dè mọ́lẹ̀ ní methadone, oògùn tí ń mú kí ara rọ̀ wọ́n tí wọn kò fi ní máa fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́gbin gún ara kiri. Àwọn kan ń wí pé ìkẹ́ra lèyí, pé ọmọ tí a kò nà kò ní gbọ́n. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Mo ti lo tòsì títí ó fi rọ, mo lè jẹ́rìí ohun tó mú wá.

Ọmọ àbúrò mi kò tíì bọ́ tán. Ní oṣù Ramadan tó kọjá, ó wọlé wá bá mi lẹ́yìn ìṣínu, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá, mo lò ó lánàá. Ẹyọ kan ni." Inú bí mi, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo rántí pé láyé àtijọ́ yóò ti fi í pamọ́ ni, inú ìpamọ́ náà ni ikú ti máa ń bá irú wọn. Mo ní, "O ò fi ọtí kún un?" Ó ní rárá. Mo ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ìbọ̀sẹ̀ ló máa ń wọ̀ látìgbà tó ti bọ́ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, títí kan inú ooru oṣù Kẹta, ẹ̀yìnkùlé níbi tí ojú kò tó o ló sì ti máa ń ṣe àlùwàlá. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́, ó jókòó sí orí àpótí ní iwájú ilé níṣojú mi, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì, ó dúró díẹ̀, ó wá bọ́ ti ọ̀tún. Ojú àpá náà ń dán yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Mo gba kẹ́tù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń da omi sí i.