Sitíárìn Bàbá Wa

Bí ènìyàn bá ní ògbólógbòó mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde, ojoojúmọ́ ni wọn ó máa bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní ta á ni?" Volkswagen ìjàpá tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni tèmi. Ọdún 1978 ni wọ́n rà á, lára àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó ní 1975, lójú ọ̀nà Badagry. Apá òsì ni sitíárìn rẹ̀ wà, nítorí pé láti oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀yin àgbà inú òǹkàwé á rántí bí ọjọ́ náà ṣe rí.

Sitíárìn yìí ti sán káàkiri. Téèpù dúdú àwọn oníná ni bàbá wa fi ń wé e. Bí oòrùn bá yọ́ ọ, wọ́n á tún wé òmíràn lé e, a ó sì gbé ọwọ́ dúdú dé ibi iṣẹ́. Àbúrò mi tó wà ní London wá fi tuntun ránṣẹ́: onígi ni, ó ń dán bí ìjánu ẹṣin Ojúde Ọba. Ó ní ká fi wa mọ́tò náà lọ síbẹ̀. Mo ní ẹṣin ni wọ́n ń gùn níbẹ̀, ta ni yóò wo ìjàpá?

Ìyá wa kò fẹ́. "Ọwọ́ bàbá yín ló wà lára èyí," ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé sísán náà ti dé irin inú. Ọmọ ni mo fi ń gbé lọ síléèwé láràárọ̀.

Irú sitíárìn báyìí kì í kàn jókòó sórí irin mọ́tò. Ó ní ìdí tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀sì, tí a ó fi bóòtù mẹ́fà dè mọ́ ọn. Eyín inú bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ bá eyín orí irin mọ́tò mu wẹ́kú. Ìjàpá jọ ìjàpá lójú, ṣùgbọ́n eyín wọn kì í ṣe ọ̀kan náà; ní nǹkan bí 1974 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní Jámánì. Èyí tí àbúrò mi rà kò bá tiwa mu.

Mẹkáníìkì kan ní kí n má dààmú. Ó ní òun á fi fáìlì họ eyín náà kúrò, wẹ́dà á sì jó o pọ̀ mọ́ irin. Mo ní, "Bí a bá fẹ́ tú u ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ tú u ṣe?" Mo gbé mọ́tò mi kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin, tírélà níwájú, táńkà lẹ́yìn, sitíárìn wá wà lọ́wọ́ ẹni bí àwo ẹ̀bà!

Oṣù méjì la fi dúró de bọ́ọ̀sì mìíràn. Ọ̀gá àgbàlagbà kan nítòsí Fọlágbadé ló bá wa ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì, kí họ́ọ̀nù má baà máa ké. Wọ́n mú kí táyà iwájú kọjú síwájú gan-an. Wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì àárín, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ tán. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Bí mo bá yọ ọ́ tán, tí mo wá fà á, iwájú orí mi ni yóò bá."

Wọ́n mì ín, wọ́n fà á, ó dún gbàù! Nọ́ọ̀tì náà ló dá a dúró. Wáyà họ́ọ̀nù ló gbà wá lákòókò jù, òun àti èèkàn kékeré tó ń pa tráfíkétọ̀ lẹ́yìn tí a bá yà tán.

Ínṣì 14 ni tuntun náà, ó kéré sí ti bàbá wa. Bẹ́ẹ̀, bí sitíárìn bá ti kéré tó ni yóò le lọ́wọ́ tó. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà, iwájú rẹ̀ fúyẹ́, síbẹ̀ mo làágùn kí n tó páàkì. Àbúrò mi kò sọ èyí fún mi.

Lọ́jọ́ Sunday, mo gbé ìyá wa jáde. Títí a fi dé Ìta-Ọ̀sù, wọn kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n tẹ họ́ọ̀nù. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ohùn rẹ̀ kò yí padà," ni wọ́n wí.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni sitíárìn àtijọ́ wà báyìí. Wọn ò jẹ́ kí n já téèpù ara rẹ̀.