Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Ìmọ̀ Òṣèlú

Bí ẹ bá kó ẹni mẹ́wàá tó kàwé ìmọ̀ òṣèlú jọ síbì kan, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ wọn kò jọra. Ọ̀kan wà ní báǹkì, èkejì wà nílé iṣẹ́ ìròyìn, ẹ̀kẹta ń kọ́ ọmọ girama ní Government, ẹ̀kẹrin ti padà lọ ka òfin. Oníṣègùn mọ̀nà ilé ìwòsàn, lọ́yà mọ̀nà kóòtù. Àwa kò ní ilé tí wọ́n kọ orúkọ wa sí lára. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ nìyẹn fún òbí tó bá bi mí pé iṣẹ́ wo lọmọ òun máa ṣe bó bá kà á. Ohun kejì, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ: ẹni tó bá mọ bí ìwé ṣe ń rìn nínú ìjọba, láti orí tábìlì tí wọ́n ti kọ ọ́ títí dé ibi tó ti ń di òfin tàbí owó, àwọn ènìyàn á máa wá a kiri. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, inú fáìlì ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ yóò máa gbé.

Òfin ni bàbá mi fẹ́ kí n kà, òun náà sì ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Máàkì mi kò tó o, yunifásítì bá fún mi ní ìmọ̀ òṣèlú. Ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa ló gba ọ̀nà yẹn wọlé. Ìyá mi ń bẹ̀rù: "Ṣé àwọn tọ́ọ̀gì lọmọ mi fẹ́ lọ máa bá rìn ni?" Bàbá mi ní tirẹ̀ ti ń ka orúkọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: Bọ́lájí Akínyẹmí, tó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti 1985 sí 1987, Ibrahim Gambari ọmọ Ìlọrin, tó wà nípò náà ṣáájú rẹ̀, tó sì tún lọ ṣiṣẹ́ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kò sí ẹni tó là á yé wa pé olùkọ́ yunifásítì ni àwọn méjèèjì kí ìjọba tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Oyè ọ̀mọ̀wé ló wà lọ́wọ́ wọn, dìgírì àkọ́kọ́ sì ni àwa ń kà tí a ti ń retí ọkọ̀ mínísítà.

Kì í ṣe pé kíláàsì kò fún mi ní nǹkan kan. Ọ̀kan tí mo ṣì ń lò dòní ni àròkọ tí Peter Ekeh gbé jáde ní 1975, lórí ohun tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní Áfíríkà. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹnì kan náà ló wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó tún wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ìwà tó ń hù níbi méjèèjì kò dọ́gba. Owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kò jẹ́ fọwọ́ kàn án, torí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun kọrin lọ́jọ́ ìpàdé. Owó ìjọba, kò rí i bí owó ẹnikẹ́ni. Bó bá sì bù níbẹ̀ wá sílé, wọ́n lè fi jẹ oyè. Ìgbà tí mo kà á ni mo tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti wá, pé a kì í ṣiṣẹ́ ìjọba láàgùn. Òye yẹn kò tíì já mi kulẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n òye nìkan kò gbani síṣẹ́.

Ìsìnrú ìlú mi bọ́ sí ọdún ìdìbò 2015. Àwa agùnbánirọ̀ ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, máa ń kó lọ síbùdó ìdìbò, èmi sì ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ibùdó kan ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Násáráwá. Attahiru Jega, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ òṣèlú láti Yunifásítì Bayero, ni alága àjọ náà; inú mi ń dùn pé ará ilé wa ló wà lókè. Wọ́n ti sún ìdìbò ààrẹ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Láàárọ̀, a fi ẹ̀rọ yẹ káàdì àwọn ènìyàn wò; ọ̀sán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò. Ọkọ́ ti jẹ ìka bàbá àgbẹ̀ kan débi pé ẹ̀rọ kò dá a mọ̀. Ó ń nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó ń tún un tẹ̀, títí mo fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n là sílẹ̀ fún irú rẹ̀, kó lè ráyè dìbò.

Ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ gan-an dé. Ìwé èsì ibùdó ni wọ́n ń pè ní EC8A. Iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀, iye tí a yẹ̀ wò, iye ìwé ìdìbò tí wọ́n kó fún wa, iye tí a kò lò, iye tó bàjẹ́, iye tí kò wọlé, ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Tèmi kò bára mu. Ìbò kan kò sí níbi tó yẹ kó wà. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú yí mi ká, wọ́n ń fi iná fóònù tàn sórí ìwé náà. Ọ̀kan ní kí n kàn fi ẹyọ kan kún ti ẹgbẹ́ òun, kí kálukú máa lọ sílé. Mo ní ká dà á sílẹ̀, ká tún un kà, kí gbogbo ẹnu máa pè é sókè. Ìwé méjì ló lẹ̀ mọ́ra. A yà wọ́n, ìṣirò bọ́ sí i, gbogbo wọn buwọ́ lùwé, títí kan ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Mo fún wọn ní ẹ̀dà tiwọn. Plato àti Hobbes tí mo há sórí kò bá mi wá ìbò náà. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fojú rí ohun tí wọ́n ń pè ní agbára ìjọba: ìwé kan tí ìṣirò rẹ̀ pé, tí ẹni tó pàdánù kò lè sọ pé òun kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Ìpele kẹjọ ni iṣẹ́ ọba máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì sí, ṣùgbọ́n àyè kì í ṣí lójoojúmọ́. Iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè nílẹ̀ òkèèrè tí gbogbo wa ń lá àlá rẹ̀, wọ́n ń pín àyè rẹ̀ kárí ìpínlẹ̀ ni. Bí ti ìpínlẹ̀ rẹ bá ti kún, o ń dúró nìyẹn. Mo lọ kọ́ Government nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, níbi tí owó oṣù kan ti máa ń wọnú oṣù kejì. Bí mo bá fẹ́ kí ìjọba gbà mí bí olùkọ́, mo gbọ́dọ̀ padà lọ kàwé gba PGDE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, kí n sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá mú mi dé ọ̀dọ̀ onọ́rébù kan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé fún mi ni àbá lórí afárá kan tó wó lágbègbè rẹ̀. Mo kọ ọ́ rẹpẹtẹ, mo ki àwọn onímọ̀ bọ̀ ọ́. Onọ́rébù kà á tán, ó gbójú sókè: "Gbogbo èyí dáa o. Kí wá ni mo ní kí ilé ṣe?" Kò sí níbẹ̀. Bàbá kan lọ́fíìsì akọ̀wé ilé, tó ti ń múra àtifẹ̀yìntì, ló fà mí jókòó. "Ọmọ yunifásítì, mú bírò wá." Ó fagi lé ojú ìwé àkọ́kọ́ látòkè délẹ̀. Ó ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ohun tí a fẹ́ kí ilé pàṣẹ, kọmíṣọ́nnà tí àṣẹ náà ń lọ bá, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wá jábọ̀. Àbá náà kò tó ojú ìwé kan nígbà tó fi mí sílẹ̀. Ilé gbà á lọ́sẹ̀ náà.

Bàbá yẹn náà ló kọ́ mi bí àbádòfin ṣe ń kú. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò pé gómìnà ní 30 ọjọ́ láti buwọ́ lù ú, pé bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ dòfin láìfi tirẹ̀ ṣe. N kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kì í débẹ̀ rárá. Lẹ́yìn kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, ibẹ̀ ni yóò sùn sí bí kò bá sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Ni mo bá ń lọ béèrè fáìlì wa láràárọ̀ bí olówó èlé tó ń sin gbèsè.

Onọ́rébù kò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà nígbà kejì, iṣẹ́ èmi náà sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì nídìí olóṣèlú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ló gbé mi dé ẹnu iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí, lọ́dọ̀ àjọ kan tó ń tọpa owó ìṣúná: a ń ka ohun tí ìjọba ní òun yóò ṣe, a ń fi òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 béèrè ìwé, òfin tó fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn, lẹ́yìn náà a ó lọ wo abúlé tí wọ́n ní wọ́n gbẹ́ kànga sí. Ní Nàìjíríà, àjọ BudgIT ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Olúṣeun Onígbìndé tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2011, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ló kà, báǹkì ló sì ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ tiwa, ẹni tí kò bẹ̀rù nọ́ńbà ló wá ṣe é. Àwa tí a ń sá fún kíláàsì ìṣirò lọ́dún kejì, tí a ní òṣèlú la wá kọ́, ó yẹ kí ìyẹn ká wa lára.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ kà á, ẹ jẹ́ kó kà á. Kó má fi kíláàsì ìṣirò ṣeré, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣúná. Kó kọ́ èdè Faransé, torí Benin àti Cameroon múlé tì wá, èdè náà sì wà lára èyí tí wọ́n ń lò ní ECOWAS. Kó lọ jókòó wo ìjókòó àwọn aṣòfin nígbà ìsinmi, kó sì mọ àkọsílẹ̀ ojú ìwé kan í kọ. Bí òfin ló wà lọ́kàn rẹ̀, kó tètè múra owó àti ọdún tí dìgírì kejì yóò gbà.

Ẹ má kàn sọ fún un pé yóò di sẹ́nétọ̀. Ìwé òfin 1999 kò béèrè ju ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ dupò, títí dórí ààrẹ. Ẹni tó ń dupò kò nílò ẹ̀kọ́ wa rárá. Ọjọ́ tó bá wọlé, tí wọ́n kó fáìlì síwájú rẹ̀, ni yóò wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lójú méjèèjì, yóò sì sanwó fún un.