ÀRÁ SÁN LU IYANRÌN, IYANRÌN DI DÍGÍ: OLÈ WO LÓ JÀ?

Ẹni tó bá gba títì Òṣòdì sí Àpápá kọjá ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yóò bá èrò ọjà Aswani pàdé. Ilé-iṣẹ́ aláṣọ tó fún ọjà náà lórúkọ ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ kò kú. Àdúgbò ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni, ibẹ̀ náà ni ọ́fíìsì NAFDAC wà.

Bí òjò bá ṣú níbẹ̀, olókìríkà a palẹ̀ ọjà mọ́ wéréwéré, alábàárù a sá sábẹ́ páànù. Kí àrá má ṣáà pa ẹnikẹ́ni, nítorí òkú kò ní tíì tutù tí ẹnu yóò fi bẹ̀rẹ̀: "Olè ni! Ṣàngó ló mú un!" Ẹbí òkú á wá ru ọ̀fọ̀, á tún ru ìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí iyanrìn jẹ́rìí. Iyanrìn la fi ń ṣe ìgò, ìléru gbígbóná ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọ. Èyí tí kò lábùlà gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 1,700 dígírì Sẹ́ńtígíréèdì kó tó yọ́. Ooru àrá ńkọ́? Ó lè tó 30,000, ìlọ́po márùn-ún ojú oòrùn! Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, iyanrìn ti yọ́. Nígbà tó bá tutù, á di ọ̀pá dígí bíi gbòǹgbò igi: ó ní ihò, ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun, inú rẹ̀ ń dán. Fulgurite ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe ẹdùn àrá o! Àáké òkúta táwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹdùn àrá.

Ní Florida, l'Amẹ́ríkà, wọ́n hú ọ̀kan tí ẹ̀ka rẹ̀ gùn ju mítà mẹ́rin lọ. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kéde pé èyí tí wọ́n rí láṣálẹ̀ Íjíbítì ti tó 15,000 ọdún. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ fi hàn pé koríko ti hù rí níbi tó gbẹ táútáú lónìí.

Iyanrìn wọ̀nyí kò jalè, wọn kò kó owó àjọ ẹnikẹ́ni jẹ. Àrá ṣáà bá wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, bí àrá bá ti ń sán, ẹ kúrò lábẹ́ igi. Ìsọ̀ páànù tí kò ní ògiri kò lè gbani. Ẹ wọ ilé gidi, tàbí mọ́tò onírin tó ṣeé tì pa, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Ẹni tí àrá bá sì pa, ẹ bá wọn sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má fi orúkọ olè lé òkú lórí.