Ìlú Mẹ́jọ Nínú Ọjọ́ Méjìlá

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka ìwé ọdọọdún yìí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ìtàn akọni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwàásù. Ìròyìn ìwé kíkọ kan ni, èyí tí a fi ọwọ́ ara wa fa ìlà sí, tí a sì tún fi ọwọ́ ara wa pa rẹ́, kí a tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Bí ẹnìkan nínú yín bá ń múra àtilọ sí òkè-òkun, tí àkókò rẹ̀ kò sì pọ̀, bóyá yóò rí ohun kan mú níbẹ̀.

Olùkọ́ ìjọ ni wá. Láti ọjọ́ tí a ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, a kò tí ì fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ rí. Ẹni tí ó bá mọ̀ bí ìsìn òwúrọ̀, kíláàsì ìrìbọmi, ìbẹ̀wò aláìsàn àti ìsìnkú ti ń tẹ̀lé ara wọn kì yóò bi wá léèrè ìdí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọ wa fún wa ní ìsinmi ọjọ́ 14, láti ọjọ́ 17 títí dé ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, inú wa dùn bí inú ọmọdé tí ó rí aṣọ Kérésìmesì.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni ó pè wá. Nọ́ọ̀sì ni ní ìlú Leeds, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2007 tí ó ti lọ, a kò fi ojú kan ara wa mọ́. Ní ọdún 2019 ni ìyá wa sùn nínú Olúwa. Ẹ̀gbọ́n wa kò lè wá sin ín, nítorí pé ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ wà níwájú ìjọba ní àkókò náà, bí ó bá sì jáde, kò dájú pé yóò rí ọ̀nà padà wọlé. Àwa nìkan ni a dúró ní etí sàréè. Ní ọdún 2024, ó kọ lẹ́tà ìpè sí wa, ó san owó ọkọ̀ òfúrufú, ohun kan ṣoṣo ni ó sì béèrè: kí a bá òun mú aṣọ òkè ìyá wa àti Bíbélì rẹ̀ wá, kí a sì sọ fún òun, lójúkojú, bí ìyá ti ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. A mú ìwé kíkọ kan, a fa ìlà sí i gẹ́gẹ́ bí a ti ń fa ìlà sí ètò iṣẹ́ kíláàsì. Nínú ọjọ́ 14 a yọ ọjọ́ àtilọ àti ọjọ́ àtibọ̀ kúrò, ó ku 12. A pín ọjọ́ 12 náà sí ìlú mẹ́jọ. A fún London ní ọjọ́ mẹ́ta. A fún Canterbury ní ọjọ́ kan, nítorí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864 ni a fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀pù nínú kàtídírà ibẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni yóò sì pé ọdún 160 gééré, a sì fẹ́ jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. A fún Oxford ní ọjọ́ kan, nítorí pé yunifásítì ibẹ̀ ni ó fún Crowther ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ Ọlọ́run ní ọdún 1864 kan náà. A fún Birmingham ní ọjọ́ kan, nítorí pé ní yunifásítì ibẹ̀ ni a pa àwọn ìwé àtijọ́ C.M.S. mọ́ sí, nínú èyí tí lẹ́tà àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí wà. A fún Edinburgh ní ọjọ́ kan nítorí ilé olódi tí ó wà lórí àpáta. A fún Paris ní méjì, a fún Rome ní méjì, nítorí pé lójú àwòrán ilẹ̀ wọn kò jìnnà. Leeds ni ó kù. A fún un ní alẹ́ kan.

A ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó pé 12. A fi ìwé náà han àwọn ará ilé wa pẹ̀lú ìgbéraga.

Ọmọ wa obìnrin, tí kò tí ì jáde ilé-ìwé, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, “Bàbá, ìgbà wo ni ẹ óò máa ti ìlú kan dé òmíràn?” A ní, “Lójú ọ̀nà ni, ọmọ mi.” Ó mú gègé, ó sì ṣe ìṣirò. Ó ní ìlú mẹ́jọ, ìṣípòpadà méje. Bí ìṣípòpadà kọ̀ọ̀kan bá gba ìdajì ọjọ́, ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ ti lọ sí ojú ọ̀nà, a kò sì tí ì wo ohun kan.

Ẹnu yà wá. Àwa tí a ti ń ṣe ètò iṣẹ́ kíláàsì láti ọdún pípẹ́ mọ̀ pé bí agogo bá lù, ọmọ ilé-ìwé nílò ìṣẹ́jú díẹ̀ láti kúrò níbi ìṣirò lọ síbi Ìwé Mímọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ara wa, a ṣe ètò bí ẹni pé a ó máa fò. Ilé àlejò kì í sábà gba ènìyàn wọlé títí ọ̀sán yóò fi pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ. Ọkọ̀ ojú irin láti London dé Edinburgh ju wákàtí mẹ́rin lọ. Èyí tí ń gba abẹ́ òkun lọ sí Paris kò ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti tètè dé ibùdó kí a lè yẹ ìwé ìrìnnà rẹ̀ wò. Àní, ìwé àṣẹ tí a fi ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣílẹ̀kùn Paris tàbí Rome fún ọmọ Nàìjíríà. Ìwé àṣẹ mìíràn ni ti ọ̀hún, ọ̀dọ̀ aṣojú orílẹ̀-èdè tí a ó pẹ́ sí jùlọ ni a sì ti ń béèrè rẹ̀. Bí ìwé ìrìnnà bá sì wà lọ́wọ́ ọ̀kan, a kò lè gbé e fún èkejì ní ọjọ́ kan náà.

Ìyá àwọn ọmọ wa ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá wa, ẹ má bínú o. Ẹni tí ó pè yín, tí ó fi owó rẹ̀ san ọkọ̀ yín, ni ẹ fún ní alẹ́ kan. Àwọn tí kò pè yín ni ẹ fún ní ọjọ́ mọ́kànlá.”

A kò dá a lóhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a bá ẹ̀gbọ́n wa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, a sì ka àwọn ìlú náà fún un lẹ́sẹẹsẹ. Ó gbọ́ títí dé òpin. Ó béèrè pé, “Ọjọ́ mélòó ni tèmi?” A ní, “Alẹ́ kan ni, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n a ó tètè dé.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dára, àbúrò mi. Ìwọ ṣá má gbàgbé aṣọ Ìyá.” Bí ó bá bú wa, ìbá sàn fún wa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oorun kò kùn wá ní òru náà. Ohun tí ó wá sí ọkàn wa ni ìtàn tí a ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àìmọye ìgbà. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí ní ìgbèkùn láti Òsogùn, a sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá náà gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, ó dìde, ó sì wá a wá. Ọdún 25 ti kọjá. Nígbà tí wọ́n rí ara wọn, wọn kò kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sì ń wo ara wọn. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un, orúkọ rẹ̀ sì di Hannah. Àwa tí a fẹ́ lọ wo ibi tí a ti fi ọmọ náà jẹ bíṣọ́ọ̀pù, kò sí ibi kan nínú ìwé kíkọ wa tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lè gbà. Ní alẹ́ kan, ẹni ọdún 17 kò tilẹ̀ ní ráyè kí ni tán.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Mẹ́jọ ni àwa ń lé.

Ní òwúrọ̀ a tún ìwé náà ṣe. A bi ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: bí a kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ ní ọdún yìí, kí ni yóò bàjẹ́? Rome kò ní ohun kan tí yóò bàjẹ́. Ó ti dúró ṣáájú wa, yóò sì dúró lẹ́yìn wa. Bẹ́ẹ̀ ni Paris. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta Edinburgh. Oxford dùn wá, ṣùgbọ́n a fa ìlà sí i. Birmingham ni ó dùn wá jù. Síbẹ̀, àwọn ìwé àtijọ́ kì í ṣe ohun tí a ń sáré wò ní ọ̀sán kan, a sì mọ̀ pé bí a bá lọ bẹ́ẹ̀, èèpo ìwé nìkan ni a ó rí. Ó ku London, Canterbury àti Leeds.

Lẹ́yìn èyí, a wá ọjọ́ tí kò ṣeé yí padà, a sì rì í mọ́lẹ̀ bí òpó ilé: ọjọ́ 29 ní Canterbury. Nítorí pé òpin ìrìn-àjò ni ọjọ́ náà bọ́ sí, Leeds ní láti ṣáájú. A ó dé London, a kò ní sùn níbẹ̀, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Leeds ní kíákíá, ìrìn tí ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. A ó sùn alẹ́ mẹ́wàá níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 a ó padà sí London fún alẹ́ mẹ́ta. Láti London a ó lọ sí Canterbury, a ó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé ọkọ̀ tí ó yá ń gba nǹkan bí wákàtí kan péré. Ibùsùn méjì nìkan ni a ó ní, ẹrù wa kò sì ní máa tẹ̀lé wa kiri. Tíkẹ́ẹ̀tì àtibọ̀ láti Leeds, a ti rà á sílẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ó dín owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ti àtilọ, a kò rà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wà fún, bí ọkọ̀ òfúrufú bá sì pẹ́, owó náà ti ṣòfò. Oṣù Kẹfà pẹ̀lú ràn wá lọ́wọ́. Ní àkókò yẹn, aago London àti ti Èkó bára mu, oòrùn kì í sì wọ̀ níbẹ̀ títí yóò fi kọjá agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kejìlá ni, oòrùn ìbá ti wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ní Leeds, ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ kọjá láìsí ọ̀rọ̀ gidi kan. Iṣẹ́ òru ni ẹ̀gbọ́n wa ń ṣe. Lówùúrọ̀ ni ó ń wọlé, tí yóò jẹun, tí yóò sì sùn. A ń bá ara wa sọ̀rọ̀ òjò, a ń sọ̀rọ̀ iye owó iṣu. Àpótí tí aṣọ ìyá wa wà nínú rẹ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sì fi ọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ ètò wa àkọ́kọ́ ni, à bá ti wà ní Edinburgh.

Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, òjò ń rọ̀, kò sì lọ sí ibi iṣẹ́. Ó fúnra rẹ̀ ṣí àpótí náà. Ó gbé aṣọ òkè náà sí imú, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò. Ó ní, “Àbúrò mi, ṣé ó pè mí?”

Ọdún márùn-ún ni a ti fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú, nítorí pé a rò pé yóò wúwo jù fún un. A ní, “Ó pè yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó pè yín. Ó béèrè bóyá ẹ ti jẹun.”

Ó sọkún, ó sì rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá wa máa ń bi gbogbo ènìyàn. A sọ ìyókù fún un títí ilẹ̀ fi mọ́, àti ní alẹ́ kejì, àti ní alẹ́ kẹta.

Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì bá wa lọ. Ní ọjọ́ 29, a jókòó pa pọ̀ ní ìsìn ìrọ̀lẹ́ ní Canterbury, lábẹ́ òrùlé gíga nì tí a ti ń rí àwòrán rẹ̀ láti ìgbà èwe wa. A ti rò pé bíṣọ́ọ̀pù náà ni ọkàn wa yóò máa rò. Ìyá rẹ̀ ni a ń rò. Ẹ̀gbọ́n wa fi aṣọ òkè náà bo èjìká, nígbà tí a sì kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ó fi ìdajì rẹ̀ bo èjìká tiwa.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní ọjọ́ kejì a wọ ọkọ̀ padà sí Èkó. Ìwé kíkọ náà wà lórí tábìlì wa níhìn-ín, pẹ̀lú orúkọ ìlú márùn-ún tí a fa ìlà sí. A kò ní sọ fún yín pé a kò fẹ́ rí Rome mọ́. A fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá tún fa ìlà sí ìwé tuntun, orúkọ ẹni tí ó pè wá ni a ó kọ́kọ́ kọ.