Ọjọ́ Kíkógbá Sílé

Ní ọjọ́ tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ òwò, àwọn ọ̀rẹ́ a péjọ, wọn a gbàdúrà, wọn a sì bá a yọ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá kógbá sílé, ìwọ̀nba ni ẹni tí ń yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, àfi àwọn tí ń wá ọjà pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, ìwà ọmọ ènìyàn a máa hàn ní ọjọ́ kejì yìí ju ti èkíní lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé sọ̀rọ̀ lórí títa ohun èlò àlòkù.

Bàbá àgbà kan wà nínú ìjọ tí mo ń ṣe olùkọ́ fún ní Ìbàdàn, tí ó ń gbin òdòdó àti igi eléso kéékèèké fún títà ní ẹ̀bá títì. A sì máa bá àwọn onílé gé koríko ọgbà wọn. Ọdún 30 ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó pinnu láti kógbá sílé. Ó jẹ àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ méjì ní owó oṣù kan, ₦40,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ sì ń gba ìtọ́jú ojú. Kò sí ibòmíràn tí owó wọ̀nyí yóò ti wá bí kò ṣe nínú ohun èlò tí ó wà nínú ahéré rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n wá kọ wọ́n sílẹ̀, kí n sì ṣe ẹlẹ́rìí.

A kó gbogbo rẹ̀ jáde: ọkọ́ 6, àdá 4, ṣọ́bìrì 3, bárò 2, àlùmọ́gàjí ńlá tí a fi ń gé igi ọgbà, rọ́bà omi, páńpù ìfínko tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, àti olórí gbogbo wọn, ẹ̀rọ bẹntiróòlù tí ń gé koríko. Iyanrìn àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ni a fi họ ìpẹtà kúrò; a sì fi òróró pa ojú irin. Èèkù tí ó ń mì, a kàn án le; ẹ̀rúkọ́ tí ó là, a pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ́ méjì tí ó ti jẹ tán, a yà wọ́n sọ́tọ̀ fún alágbẹ̀dẹ, nítorí irin tí kò lè roko mọ́ ṣì lè di ọ̀bẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní ẹ̀tàn. Ẹni tí ó fọ ẹrẹ̀ kúrò ń jẹ́ kí oníbàárà rí irin. Ẹni tí ó fi ọ̀dà kun ibi tí irin ti là ni ó ń tan ni jẹ.

Ọ̀rọ̀ páńpù gba ìṣọ́ra. Oògùn tí ń pa koríko kì í tètè kúrò nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó bá kù ní ìsàlẹ̀ àti nínú rọ́bà rẹ̀ lè pa ẹ̀fọ́ ẹni tí ó rà á. A fi omi àti ọṣẹ ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, jìnnà sí kànga, a sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé oògùn ìpako ni a ti fi í fín. Igò paraquat kan ṣẹ́kù. Ẹnì kan fẹ́ rà á ní owó gọbọi, ṣùgbọ́n bàbá kọ̀, nítorí àjọ NAFDAC ti fi òfin dè é láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Jánúárì ọdún 2024. Ó ní òun yóò fà á lé àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba lọ́wọ́.

Ní ti iye owó, a kọ́kọ́ lọ sí ọjà láti bèèrè iye tí titun ń lọ, a sì ro iye ìgbà tí èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa tún lè lò. A pinnu láti tà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tí ń ra gbogbo ẹrù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń ra ìkánjú olówò mọ́ ọn.

Ọkùnrin kan tí ń ṣòwò àlòkù dé ní òwúrọ̀. Ó wo ẹ̀rọ tí ń gé koríko, ó ní, “Bàbá, èyí ti kú.” Ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Mo rántí pé Sólómọ́nì ti ṣe àkíyèsí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Òwe orí 20. Níkẹyìn ó gbà láti san ₦90,000. Nígbà náà ni bàbá wí fún un pé, “Ọmọ mi, ó ń mu ọ́ìlì. Bí o bá lò ó pẹ́, yóò máa rú èéfín.” Lójú ẹsẹ̀, ọkùnrin náà já owó wá sí ₦60,000.

Ìyàwó bàbá ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Baálé mi, ta ni ó bi yín léèrè?”

N kò lè dá ìyá náà lẹ́bi. Ojú rẹ̀ ni ₦30,000 tí ó lọ yẹn ì bá tọ́jú. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tajà ní ẹ̀bá títì yìí. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ni wọn yóò fi máa rántí mi.”

Ọmọ-iṣẹ́ àgbà, tí ó mọ àìsàn ẹ̀rọ náà ju gbogbo wa lọ, dọ̀bálẹ̀, ó ní òun yóò rà á ní ₦70,000: kí bàbá mú owó oṣù òun sí i, kí òun sì máa san ₦10,000 ní oṣooṣù fún oṣù mẹ́ta. Bàbá gbà. Mo kọ ọ́ sí ìwé, àwọn méjèèjì fi ọwọ́ sí i. Ábúráhámù pàápàá, nígbà tí ó ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Éfúrónì, ojú àwọn ènìyàn ni ó ti wọn 400 ṣékélì fàdákà. Owó bárò àti ọkọ́ ni a fi san ti ọmọ-iṣẹ́ kejì, nítorí Ìwé Léfítíkù kò fẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí ó kù lọ sí ìtọ́jú ojú ìyá, bí kò tilẹ̀ tíì tó. Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ náà ti san ìgbà méjì nínú mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkàwé, bí ẹ bá gbọ́ pé aládùúgbò yín ń kógbá sílé, ẹ lọ rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ná an, nítorí ọjà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bú ohun tí ọkàn yín fẹ́. Ẹ̀yin tí ń tà, ẹ san owó àwọn tí ó bá yín ṣiṣẹ́ kí ẹ tó ka èrè, ẹ sì sọ àbùkù ọjà kí owó tó bọ́ sí yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì lọ sinmi.